Erùpẹ̀ Inú Ìkòkò: Kí Ni Òdòdó Ilẹ̀ Olóoru Ń Fẹ́ Gan-an?

Bí ẹ bá ra hibiscus lọ́wọ́ àwọn tó ń ta òdòdó lẹ́bàá títì, ìbáà jẹ́ n'Íbàdàn tàbí l'Ékòó, tí ẹ sì bèèrè irú erùpẹ̀ tí ẹ máa gbìn ín sí, ilẹ̀dú ni wọ́n máa ní kí ẹ lọ wá. Kò sí àgbẹ̀ tó máa bá wọn jiyàn. Ilẹ̀ tó dúdú, tó rọ̀, tí ewé ti ń jẹrà sínú rẹ̀ láti ọdún mọ́dún, kí ni kò ní í hù níbẹ̀? Ṣùgbọ́n ẹ bu ilẹ̀dú yẹn gan-an kún ìkòkò, kí ẹ máa bomi rin ín fún oṣù mélòó kan. Á ti sọ̀ kalẹ̀, ojú rẹ̀ á ti dì, omi á máa dágún sórí rẹ̀ kó tó rí ọ̀nà wọlé. Ewé á bẹ̀rẹ̀ sí í pọ́n, ìrudi á máa rẹ̀ dànù kó tó là. Ẹni tó ni ín á ní òǹgbẹ ló ń gbẹ ẹ́, á tún bomi sí i. Bí ẹ bá fa irú igi bẹ́ẹ̀ tu, gbòǹgbò rẹ̀ á ti dúdú, èèpo ara gbòǹgbò á máa bọ́ sí yín lọ́wọ́, òórùn irà ni erùpẹ̀ ìsàlẹ̀ á sì máa rùn.

Ohun tí ọ̀pọ̀ èèyàn kọ́kọ́ ń bèèrè nípa erùpẹ̀ ni bóyá ó lọ́ràá. Lójú tèmi, ìbéèrè kejì nìyẹn. Èkíní ni pé, lẹ́yìn tí a bá ti bomi rin ín, tí omi sì ti jò tán, báwo ni afẹ́fẹ́ tó kù sínú rẹ̀ ṣe pọ̀ tó? Gbòǹgbò ń mí. Oúnjẹ tó bá dín, a lè fi ṣíbí bù ú kún un lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀. Afẹ́fẹ́ tí kò bá sí nínú erùpẹ̀, àfi ká tú igi náà ká tún un gbìn. Ojú yìí ni mo fi máa wo gbogbo ohun tí àwọn tó ń gbin òdòdó ti dábàá, nílé àti lẹ́yìn odi.

Kí ló dé tí ilẹ̀ tó dára nínú oko fi ń bàjẹ́ nínú ìkòkò? Nínú oko, ilẹ̀ kò lópin nísàlẹ̀. Omi tó bá wọlé, ilẹ̀ tó wà lábẹ́ á máa fà á lọ. Ekòló ti la ihò káàkiri, gbòǹgbò igi tó ti kú ti fi ojú ọ̀nà sílẹ̀. Nínú ìkòkò, ìwọ̀n ọwọ́ kan péré ni erùpẹ̀ fi ga, lẹ́yìn náà ó já sí òfúrufú. Omi kì í sì í fẹ́ fi erùpẹ̀ sílẹ̀ bọ́ sínú òfúrufú. Ó máa ń dúró sí ìsàlẹ̀ níbẹ̀, ó dì mọ́ erùpẹ̀. Ohun tí fóòmù tí a fi ń fọ abọ́ ń ṣe náà nìyẹn. Ẹ rì í sómi títí tó fi yó, kí ẹ gbé e pẹlẹbẹ sórí àtẹ́lẹwọ́. Omi á jò, á jò, á dá. Ẹ má fún un o, ẹ kàn gbé e dúró lóòró: omi mìíràn á tún bẹ̀rẹ̀ sí í dà. Kò sí ohun tó yí padà lára fóòmù náà ju gíga rẹ̀ lọ. Ìdí nìyẹn tí erùpẹ̀ kan náà fi máa ń tutù ju bó ṣe yẹ lọ nínú abọ́ pẹlẹbẹ, tí á sì ṣe dáadáa nínú ìkòkò tó ga.

Bí ibi tó kún fún omi yẹn ṣe máa ga tó, ọwọ́ bí erùpẹ̀ ṣe kúnná tó ló wà. Erùpẹ̀ tó kúnná bí ìyẹ̀fun á gbé omi ró fẹ́rẹ̀ẹ́ dé ojú ìkòkò. Èyí tó bá ní hóró ńláńlá, omi á dúró sí ìsàlẹ̀ ní ìwọ̀n ìka kan tàbí méjì, òkè rẹ̀ á sì ṣófo fún afẹ́fẹ́. Àwọn tó ń fi òdòdó ṣòwò máa ń fẹ́ kí afẹ́fẹ́ gba ó kéré tán 10 sí 20 nínú 100 àyè inú ìkòkò lẹ́yìn tí omi bá ti jò tán. Ẹ lè wọ̀n ọ́n nílé láìlo ẹ̀rọ kankan. Ẹ wá ike lítà kan, ẹ lu ihò sí ìdí rẹ̀, ẹ fi ọwọ́ dí ihò náà tàbí kí ẹ lẹ nǹkan mọ́ ọn. Ẹ bu erùpẹ̀ tí ẹ ti pò kún un, ẹ rọra máa da omi sí i títí tó fi dé ojú, kí ẹ jẹ́ kó mu ún dáadáa. Lẹ́yìn náà, ẹ gbé e sórí abọ́, ẹ ṣí ihò náà. Omi tó bá jò sínú abọ́ ni àyè tí afẹ́fẹ́ gbà. Bó bá tó mílílítà 150, ẹ ti ní 15 nínú 100 nìyẹn. Bí kò bá ju 50 lọ, ẹ má tíì gbin nǹkan kan síbẹ̀. Nínú gbogbo ìmọ̀ràn tó wà káàkiri lórí erùpẹ̀ ìkòkò, èyí nìkan ni mo mọ̀ tí kò gba kí èèyàn gba ẹnikẹ́ni gbọ́.

Ọ̀rọ̀ àpáàdì wá ńkọ́? Kò sí ẹni tó ń gbin òdòdó tí wọn ò tíì sọ fún pé kó to àpáàdì tàbí òkúta wẹ́wẹ́ sí ìsàlẹ̀ ìkòkò kí omi lè rí ọ̀nà jáde. Láti ìgbà tí àwọn onímọ̀ ti lóye bí omi ṣe ń dúró nínú erùpẹ̀ ni ọ̀pọ̀ wọn ti ń sọ pé asán ni: ibi tí omi ti ń dúró kàn máa sún sókè sórí òkúta náà ni, àyè gbòǹgbò á sì dín. Ẹ̀kọ́ yìí ti wọ ọ̀pọ̀ ìwé ọgbà. Síbẹ̀, ìwádìí kan tó jáde nínú PLOS ONE ní 2025 wọn omi tó ń kù nínú erùpẹ̀ tó ní òkúta tàbí yanrìn nísàlẹ̀, ó sì rí i pé òkúta tàbí yanrìn náà sábà máa ń dín omi náà kù, kì í sì í fi bẹ́ẹ̀ fi kún un. Ẹ̀yin tí ẹ ń to àpáàdì lè rẹ́rìn-ín díẹ̀. Èmi ṣì rò pé ìkòkò kékeré kò ní àyè tí a lè fi ṣòfò, àti pé erùpẹ̀ tó dí kò ní ṣí nítorí àpáàdì. Ẹyọ kan tàbí àwọ̀n ẹ̀fọn díẹ̀ lójú ihò, kí erùpẹ̀ má bàa máa bọ́ sílẹ̀, ó tó.

Àwọn Gẹ̀ẹ́sì ló kọ́kọ́ sọ ọ̀rọ̀ erùpẹ̀ ìkòkò di ìmọ̀ tó ní ìwọ̀n. Kó tó di ìgbà náà, olóko kọ̀ọ̀kan ló ní ìpò tirẹ̀ tó ń fi pamọ́, òdòdó kọ̀ọ̀kan ló sì ní erùpẹ̀ tirẹ̀. Ní àwọn ọdún 1930, William Lawrence àti John Newell ní ilé ìwádìí John Innes rí i pé irúgbìn àwọn ń kú, wọ́n sì fi sùúrù dán erùpẹ̀ wò títí wọ́n fi rí ìpò kan tó ṣe fún ọ̀pọ̀lọpọ̀ igi: ìwọ̀n 7 ilẹ̀ ọlọ́ràá, 3 peat (ewéko irà tí kò jẹrà tán), 2 yanrìn oníhóró ńlá, pẹ̀lú ajílẹ̀ tí wọ́n wọ̀n sí i. Wọ́n máa ń fi ooru pa kòkòrò inú ilẹ̀ náà kí wọ́n tó pò ó. Di òní, orúkọ John Innes ṣì wà lára àpò erùpẹ̀ ní ọjà Britain, láìjẹ́ pé ilé iṣẹ́ kankan ló ni ín.

Ìṣòro ìpò yẹn ni ilẹ̀ fúnra rẹ̀. Ilẹ̀ ibì kan kò jọ ti ibòmíràn, ó wúwo, kòkòrò sì pọ̀ nínú rẹ̀. Àwọn ará Amẹ́ríkà ló wá yọ ilẹ̀ kúrò nínú rẹ̀ pátápátá. Ní 1957, Yunifásítì California tẹ ìwé kan jáde lábẹ́ àbójútó Kenneth Baker, níbi tí wọ́n ti fi yanrìn kíkúnná àti peat nìkan pò erùpẹ̀. Láàárín àwọn ọdún 1960, Yunifásítì Cornell náà gbé tirẹ̀ jáde: peat pẹ̀lú perlite tàbí vermiculite. Perlite jẹ́ òkúta inú òkè ayọnáyèéfín tí wọ́n fi iná gbígbóná sun títí tó fi wú, tó funfun, tó sì fúyẹ́. Erùpẹ̀ tó ń bọ̀ nínú àpò láti òkè òkun, tí wọ́n ń tà fún wa lónìí, ọmọ Cornell ni púpọ̀ nínú rẹ̀.

Ṣé ó yẹ ká rà á? Mi ò rò bẹ́ẹ̀, ọ̀rọ̀ owó nìkan sì kọ́. Peat ni ewéko irà tó ti kú, tí omi bò mọ́lẹ̀ tí kò fi lè jẹrà tán. Ìwọ̀n mílímítà kan péré ló ń kún un lọ́dún. Ilẹ̀ tó ní peat kò ju nǹkan bí 3 nínú 100 ilẹ̀ ayé lọ, síbẹ̀ nǹkan bí ìdá kan nínú mẹ́ta kábọ́ọ̀nù inú gbogbo ilẹ̀ ló wà níbẹ̀. Bí wọ́n bá ti wà á jáde, kábọ́ọ̀nù náà ń padà sínú afẹ́fẹ́. Ní 2022, ìjọba Britain kéde pé òun máa fòfin de títà á fún àwọn tó ń ṣọ́gbà nílé ní England kí 2024 tó parí. 2024 wá, ó lọ, òfin kò jáde. Fún àwa tí oòrùn ń pa, ẹ̀bi mìíràn tún wà lọ́rùn peat: bó bá ti gbẹ pátápátá, kì í gba omi mọ́. Omi á kàn gba ẹ̀gbẹ́ ìkòkò sá lọ, ìsàlẹ̀ á máa jò, àárín á sì gbẹ táútáú.

Ohun tó rọ́pò peat ní ọ̀pọ̀ ibi ni èèpo àgbọn, tó ń ti Íńdíà àti Sri Lanka wá ní búlọ́ọ̀kù. Búlọ́ọ̀kù kílò 5 lè wú di lítà 60 bí ẹ bá bomi sí i. Ó rọrùn láti tún rin bó bá gbẹ, kì í sì í tètè jẹrà. Àléébù rẹ̀ ni iyọ̀: bí wọ́n bá fi omi tó níyọ̀ rẹ èèpo náà, tàbí tí igi àgbọn náà hù létí òkun, sódíọ̀mù àti pòtásíọ̀mù á pọ̀ nínú rẹ̀ ju bí gbòǹgbò ṣe lè fara dà lọ. Nínú ọ̀ràn fífi èèpo àgbọn rọ́pò nǹkan mìíràn, Brazil ní ìtàn tó yẹ ká mọ̀. Fún ọ̀pọ̀ ọdún, ohun tí wọ́n ń gbin òdòdó sí níbẹ̀ ni xaxim, ìyẹn fọ́nrán ìdí igi kan tí wọ́n ń pè ní Dicksonia sellowiana, tó ń dàgbà jẹ́jẹ́ nínú igbó etí òkun Atlantic. Wọ́n gé e títí igi náà fi fẹ́rẹ̀ẹ́ tán, ìjọba sì dá gígé rẹ̀ dúró ní 2001. Èèpo àgbọn ló gba ipò rẹ̀. Èèpo kan náà yìí ni àwọn alágbọn ń kó jọ gègèrè ní Badagry, tí wọ́n sì ń dáná sun. Ẹni tó bá fẹ́ lò ó kò nílò ilé iṣẹ́: kó gé e wẹ́wẹ́ bí ìwọ̀n èékánná, kó rẹ ẹ́ sómi tó mọ́, kó máa da omi pupa rẹ̀ nù títí omi náà á fi fẹ́rẹ̀ẹ́ funfun. Ẹ ó ra àdá tuntun kí iṣẹ́ náà tó parí, ṣùgbọ́n ẹ kò ní ra búlọ́ọ̀kù.

Ká padà sórí ilẹ̀dú, nítorí mi ò sọ pé ká sọ ọ́ nù. Ilẹ̀ wa pọ̀ lóríṣiríṣi ju bí orúkọ kan ṣe lè gbà lọ. Ní 1962, A. J. Smyth àti R. F. Montgomery kọ ìwé tí ìjọba Western Nigeria tẹ̀ n'Íbàdàn nípa ilẹ̀ àárín gbùngbùn Ìwọ̀-Oòrùn, wọ́n sì fi orúkọ ìlú wa sọ àwọn ilẹ̀ náà: Ìwó, Ẹ̀gbẹ́dá, Oǹdó, Apòmù, Ìtagunmódì. Àwọn onímọ̀ ilẹ̀ ṣì ń pè wọ́n bẹ́ẹ̀. Ilẹ̀ Apòmù jẹ́ yanrìn tí àgbàrá wọ́ wá sí ẹsẹ̀ òkè. Omi kì í dúró nínú rẹ̀, oúnjẹ igi náà kì í dúró. Ilẹ̀ Ìtagunmódì, lọ́nà Iléṣà, jẹ́ amọ̀ pupa tó jinlẹ̀, tí kòkó fẹ́ràn. Ẹni tó bu ilẹ̀dú lórí Apòmù àti ẹni tó bù ú lórí Ìtagunmódì kò gbé nǹkan kan náà wálé, bí àwọ̀ rẹ̀ tilẹ̀ jọra.

Ìgò ló máa sọ òótọ́. Ẹ bu erùpẹ̀ dé ìdá kan nínú mẹ́ta ìgò tó mọ́ gaara, ẹ bomi kún un, ẹ tọ́ ọṣẹ olómi díẹ̀ sí i, kí ẹ mì í kíkankíkan. Yanrìn á balẹ̀ láàárín ìṣẹ́jú kan tàbí méjì. Èyí tó kúnná jù ú lọ á lo wákàtí díẹ̀. Amọ̀ lè má balẹ̀ títí di ọjọ́ kejì, omi á sì pọ́n títí di ìgbà náà. Bí amọ̀ bá ju ìdá kan nínú márùn-ún ohun tó balẹ̀ lọ, kò yẹ kí ilẹ̀ náà ju ìdá kan nínú mẹ́rin ohun tí ẹ máa kó sínú ìkòkò lọ. Ẹ má sì rò pé ẹ̀kúnwọ́ yanrìn kan máa tún un ṣe. Amọ̀ á kàn wọ àárín hóró yanrìn náà ni, á sì le ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Kí yanrìn tó lè ran amọ̀ lọ́wọ́, ó gbọ́dọ̀ ju ìdajì lọ, èyí tí àwọn bíríkìlà ń pè ní ṣáàpù sáǹdì ni kó sì jẹ́. Plásítà sáǹdì kúnná jù. Èyí tí wọ́n wà láti inú ọ̀sà, ẹ fọ̀ ọ́ kí iyọ̀ rẹ̀ kúrò.

Erùpẹ̀ àkìtàn náà wà, tí àwọn kan ń gbẹ́ tà ní àpò àpò. Igi máa ń dàgbà nínú rẹ̀ lóòótọ́. Ìgò fífọ́, bátìrì àti láílọ́ọ̀nù inú rẹ̀ ni kì í jẹ́ kí n fọwọ́ kàn án.

Èérún pákó ló pọ̀ jù nínú ohun tí èèyàn lè rí lọ́fẹ̀ẹ́, ní irú ibi bí ọjà pákó Bódìjà. Ó fúyẹ́, ó ń jẹ́ kí afẹ́fẹ́ wọlé. Ewu rẹ̀ farasin. Kábọ́ọ̀nù inú èérún pákó tútù lè tó ìlọ́po 400 náítírójìn rẹ̀, nígbà tí ti ìgbẹ́ adìẹ jẹ́ nǹkan bí ìlọ́po 10. Àwọn kòkòrò àìfojúrí tó ń jẹ pákó nílò náítírójìn láti fi kọ́ ara wọn, bí wọn ò bá sì rí i nínú pákó, ti inú erùpẹ̀ ni wọ́n máa kó. Ewé òdòdó á pọ́n ràkọ̀ràkọ̀, bẹ̀rẹ̀ láti orí ewé àgbà. Bí ẹ bá máa lò ó, ẹ pò ó mọ́ ìgbẹ́ adìẹ, ẹ rin ín, ẹ bò ó mọ́lẹ̀, kí ẹ máa yí i padà fún oṣù mélòó kan títí á fi dúdú, tí kò ní gbóná mọ́ bí ẹ bá ki ọwọ́ bọ̀ ọ́. Ìgbẹ́ adìẹ tútù fúnra rẹ̀ ń jó gbòǹgbò. Èyí tó bá ṣì ń ta sí imú kò tíì ṣe é lò.

Èèpo ìrẹsì dára púpọ̀ lójú mi, àwọn tó ń gbin òdòdó kò sì tíì kà á sí tó bó ṣe yẹ. Kì í gba omi sínú, kì í tètè jẹrà, ó sì ń ya erùpẹ̀ nípá kí afẹ́fẹ́ lè gba àárín rẹ̀. Ìgbémọ ní Èkìtì àti ibi tí wọ́n ti ń lọ ìrẹsì Ọ̀fadà, òkìtì rẹ̀ kì í wọ́n níbẹ̀. Àwọn ará Japan máa ń sun ún di dúdú láìjẹ́ kó di eérú, kí wọ́n tó lò ó. Èédú tí a fọ́ wẹ́wẹ́ ń ṣe irú iṣẹ́ yẹn náà, ó sì tún ń di oúnjẹ igi mú díẹ̀ kó má bàa bá omi lọ.

Eérú wá jẹ́ ọ̀rọ̀ mìíràn. Ọ̀pọ̀ ilé ló ń da eérú sídìí òdòdó gẹ́gẹ́ bí ajílẹ̀. Eérú èèpo kòkó, tí pòtásíọ̀mù rẹ̀ pọ̀, ni a fi ń se ọṣẹ dúdú. Ohun tó lágbára tó láti sọ òróró di ọṣẹ, ẹ lè fojú inú wo ohun tó máa ṣe sí ilẹ̀ tó wà nínú ìkòkò kékeré. Ó ń gbé pH sókè kíá, ìyẹn ni pé ó ń mú kíkan kúrò nínú ilẹ̀. Òdòdó ixora ni yóò kọ́kọ́ ké. Ilẹ̀ tó kan díẹ̀, tí pH rẹ̀ wà láàárín 5 sí 6, ni ixora fẹ́. Bí ó bá kọjá 7, èròjà irin wà nínú ilẹ̀ ṣùgbọ́n gbòǹgbò kò lè rí i fà. Ewé tuntun tó wà lórí á pọ́n, iṣan rẹ̀ nìkan ló máa ṣì dúdú minimini, láìdàbí ti àìsí náítírójìn tó ń bẹ̀rẹ̀ láti ìsàlẹ̀. Ẹni tó bá rí èyí tó sì da ajílẹ̀ NPK 15-15-15 sí i ti fi kún ìṣòro náà, torí fọ́sífọ́rọ́sì tó bá pọ̀ jù tún máa ń dí irin lọ́wọ́. Ní gúúsù Florida, níbi tí ilẹ̀ ti jẹ́ òkúta ẹfun, ojoojúmọ́ ni àwọn olùṣọ́gbà ń bá ọ̀ràn yìí wọ̀jà.

Lọ́dọ̀ tiwa, òkúta ẹfun kọ́ ló ń fà á. Ìkòkò ló ń fà á. Àwọn ìkòkò ńláńlá tí wọ́n ń dà, tí wọ́n ń kùn ní funfun, tí wọ́n tò sẹ́bàá títì, sìmẹ́ńtì ni. Sìmẹ́ńtì tuntun ń tú ẹfun sílẹ̀ sínú omi fún ìgbà pípẹ́. Ẹ pọn omi kún irú ìkòkò bẹ́ẹ̀ fún ọjọ́ mélòó kan, ẹ dà á nù, ẹ tún pọn òmíràn, kí ẹ ṣe é lẹ́ẹ̀mẹ́ta mẹ́rin kó tó di pé ẹ gbin nǹkan. Fún ixora, ẹ kúkú lo ike tàbí ìkòkò amọ̀. Ìkòkò amọ̀, irú èyí tí àwọn obìnrin amọ̀kòkò ń mọ ní Dada, Ìlọrin, ń jẹ́ kí omi gba ara rẹ̀ jáde. Erùpẹ̀ tó ti tutù jù nínú ike lè ṣe dáadáa nínú rẹ̀, ẹ ó sì máa bomi rin ín lemọ́lemọ́ lásìkò ọyẹ́. Ike dúdú nínú oòrùn ọ̀sán ń se gbòǹgbò. Ẹ gbé e sí ibi tí ìkòkò mìíràn á ṣíji bò ó.

Hibiscus, tó jẹ́ mọ̀lẹ́bí ilá, ìṣápá àti kòkó, ni mo fi ń dán erùpẹ̀ wò, torí ó máa ń tètè sọ ohun tó ń ṣe é. Ó ń mu omi púpọ̀, kò sì fẹ́ kí ẹsẹ̀ òun wà nínú omi. Ohun tí mo fara mọ́ fún un ni kóńgò 3 ilẹ̀dú tí a sẹ́, 3 èèpo àgbọn gígé tí a ti fọ̀, 2 èèpo ìrẹsì, 1 ṣáàpù sáǹdì, àti 1 ìgbẹ́ adìẹ tó ti jẹrà dáadáa. Bí ilẹ̀dú yín bá ní amọ̀ púpọ̀, ẹ dín in sí 2. Kí ẹ wọn omi tó ń jò nínú ike lítà kan bí mo ṣe sọ lókè kí ẹ tó gbin nǹkan. Ixora lè jẹ nínú ìpò yẹn náà, láìsí eérú, pẹ̀lú èèpo àgbọn tó fi kóńgò kan lé sí i.

Bougainvillea ti Brazil wá. Philibert Commerson ló kó o ní itòsí Rio de Janeiro ní 1767, lákòókò ìrìnàjò ọ̀gágun Bougainville tí wọ́n fi orúkọ rẹ̀ sọ ọ́. Ilẹ̀ ọlọ́ràá tó tutù á jẹ́ kó yọ ewé rẹpẹtẹ, òdòdó kò ní sí. Ẹ jẹ́ kí ṣáàpù sáǹdì àti òkúta wẹ́wẹ́ tó ìdajì, kí ìkòkò sì fún un díẹ̀. Adenium, tí àwọn èèyàn ń pè ní desert rose, ọmọ ilẹ̀ gbígbẹ Sahel ni, ó wà lókè ọya níbí. Ìdí rẹ̀ tó sanra ń tọ́jú omi, á sì rà bí ilẹ̀ bá ń rin. Ìdá mẹ́ta nínú mẹ́rin erùpẹ̀ rẹ̀ lè jẹ́ òkúta wẹ́wẹ́, yanrìn oníhóró ńlá àti èédú. Ọ̀pọ̀ anthurium àti orchid yàtọ̀ pátápátá: lára igi ni wọ́n ti ń hù nínú igbó, bí Ansellia africana ṣe ń gun ọ̀pẹ níhìn-ín. Ẹ má fi ilẹ̀ kankan sí erùpẹ̀ wọn. Èèpo àgbọn gígé gàdàgbà, èédú, èèpo igi, ìwọ̀nba ni.

Àwọn tó ń gbin hibiscus sétí fèrèsé ní London ní wàhálà tí àwa kò ní. Lásìkò òtútù, igi náà kì í fi bẹ́ẹ̀ mu omi, erùpẹ̀ tí kò ní peat tí wọ́n ń tà níbẹ̀ sì máa ń gbẹ lójú, tí á tutù nísàlẹ̀. Kí wọ́n fi perlite tó ìdá kan nínú mẹ́ta sí i, kí wọ́n sì máa ki ìka bọ erùpẹ̀ kí wọ́n tó bomi.

Ó ku kòkòrò. Ilẹ̀ tí a bù nínú oko lè ní aràn tíntìntín tó ń ta kókó sí gbòǹgbò, hibiscus kì í sì í bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Ooru ìwọ̀n 60°C fún ààbọ̀ wákàtí ń pa á. Àwọn kan máa ń dé 82°C kí koríko náà lè kú. Oòrùn ọ̀gbẹlẹ̀ lè ṣe é fún wa lọ́fẹ̀ẹ́. Ẹ tẹ́ ilẹ̀ rírin sílẹ̀ tí kò ga ju ìbú ọwọ́ kan lọ, ẹ fi láílọ́ọ̀nù tó mọ́ gaara bò ó, kí ẹ tẹ etí rẹ̀ mọ́lẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ 4 sí 6. Láílọ́ọ̀nù dúdú kì í gbóná tó èyí tó mọ́ gaara.

Kò sí ìpò kankan tó máa wà bẹ́ẹ̀ títí. Ilẹ̀dú á sọ̀, ìgbẹ́ á tán, iyọ̀ ajílẹ̀ á kó jọ sójú ìkòkò ní funfun. Bí erùpẹ̀ bá ti sọ̀ kalẹ̀ ju ìka mẹ́ta lọ, tàbí tí omi bá ń dúró lórí rẹ̀, àkókò ti tó láti pààrọ̀ rẹ̀; lẹ́yìn ọdún kan tàbí méjì ló sábà máa ń rí bẹ́ẹ̀. Ẹ fa igi náà yọ, ẹ gbọn èyí tó bá rọrùn láti gbọ̀n dànù, ẹ gé gbòǹgbò tó ti rà, kí ẹ fi ìpò tuntun sí i. Bougainvillea nìkan ni kí ẹ má gbọn gbòǹgbò rẹ̀, torí wọ́n wẹ́wẹ́, wọ́n sì ń já. Ẹ gbé òun pẹ̀lú erùpẹ̀ ara rẹ̀ sínú ìkòkò tó fi ìka méjì ju ti tẹ́lẹ̀ lọ, kí ẹ fi erùpẹ̀ tuntun dí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ yíká.